Gbèsè Táyà Tí Mo Fẹ́ Kí Oorun Bá Mi San

Mojí ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé bí Alhaji Mumuni bá ti sùn, èémí rẹ̀ máa ń dúró.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà ọgọ́ta ní wákàtí kan. Ọkùnrin náà á dákẹ́ bí òkú, á wá mí gúlọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, gbèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún sìdí tí mo jẹ Alhaji Mumuni ti pé oṣù mẹ́rin lọ́rùn mi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn. Gbogbo ìkà tí mo fẹ́ ròyìn fún yín, àárín méjèèjì ló wà.

Rùkáyátù ni mí. Táyà alùpùpù ni mò ń tà ní Tamale, ní àríwá Ghana. Ọkọ mi kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó fi ilé kan sílẹ̀ fún mi ní Kanvili, ó tún fi ọmọ kan sílẹ̀, Ilyas, tó wà ní Accra, tí kì í pè mí àfi bó bá ń wá owó. Ìwé mi kò pọ̀. Mo lè ka Yorùbá bí mo bá rọra fi ìka tẹ̀ lé e. Owó ni mo mọ̀ ọ́n kà dáadáa.

Alhaji Mumuni ni ọ̀gá gbogbo àwa tó ń ta táyà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, bíi ti bàbá mi. Òun ló ń kó ọjà wá láti Tema, tó ń pín in fún àwa kéékèèké láwìn. Kò sí ìwé. Yóò pe iye, ìwọ náà á pè é padà, ẹ ó jọ ṣe Fátíhà, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá ti ṣe Fátíhà pẹ̀lú Mumuni, ó ti fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo jáde opó, tí ẹbí ọkọ mi ń wò mí bí ẹni wo ẹran tó kú sójú ọ̀nà, òun ló fún mi ní ogún táyà àkọ́kọ́ pé kí n lọ fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì ṣe ohun tí mo ṣe.

Mojí ní tirẹ̀, ayálégbé mi ni. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n bí sí Tamale níbí. Lóru ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn, kì í sì í jáde nílé. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, aṣẹ́wó orí fóònù ni mo pè é lọ́kàn mi. Ìgbà tó yá ni mo dójú kọ ọ́.

"Mojí, irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe lóru?"

"Mò ń ṣọ́ àwọn tó ń sùn, Màmá."

"Níbo ni wọ́n ń sùn sí?"

"Kumasi. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀. Ẹni tí oorun rẹ̀ kò bá dáa á lọ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nọ́ọ̀sì á lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, mọ́ àyà, mọ́ ẹsẹ̀. Èmi á máa wò ó láti ibí lórí kọ̀ǹpútà. Bí wáyà kan bá já, mo máa sọ fún nọ́ọ̀sì. Tílẹ̀ bá mọ́, mo máa kọ ohun tí mo rí fún dókítà."

"Wọ́n wá ń sanwó fún ọ pé kí o wo ẹni tó ń sùn?"

"Wọ́n ń san án, Màmá."

"Ogún ọdún ni mo fi wo ọkọ mi tó ń sùn, kò sẹ́ni tó fún mi ní pẹ́síwà kan."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ dáadáa ni. Ohun tó tilẹ̀ bà á jẹ́ nìyẹn.

Lóru ọjọ́ kan, iná pirípéèdì tí à ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ tán. Ọjọ́ kejì tí mo ra ti àádọ́ta sìdí nìyẹn, mo sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní bátìrì tirẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mò ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo kanlẹ̀kùn, kò gbọ́, ó ki nǹkan sétí. Mo ṣí i, mo wọlé pẹ̀lú ìjà lẹ́nu.

Ìjà náà kú sí mi lẹ́nu.

Oríṣiríṣi ìlà ló ń rìn lójú kọ̀ǹpútà náà bí èèrà. Ní igun kan, àwòrán ọkùnrin kan wà tó dùbúlẹ̀ gbalaja pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ikùn rẹ̀ wà lókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, wáyà bò ó lórí bí irun àgbàdo. Mo mọ ikùn yẹn. Mo mọ ilà ojú yẹn. Ọkùnrin tí gbogbo wa máa ń dìde fún nínú ọjà ló dùbúlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń dá abẹ́ fún.

"Alhaji Mumuni nìyẹn."

Mojí ta gìrì, ó fi ọwọ́ bo àwòrán náà. "Màmá, ẹ kò gbọdọ̀ wọ ibí. Òfin iṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni," ni mo wí. Irọ́ ni, ó sì jáde geere. "Bàbá kan náà ló bí wọn. Kí ló ṣe é? Ó kúrò nílé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mojí, kí ló ṣe ẹbí mi?"

Mo tilẹ̀ ki omi bọ ojú mi. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹkún ti ń bá mi ta ọjà láti ọjọ́ pípẹ́.

Àánú ṣe ọmọ náà. Ó mú ọwọ́ kúrò.

"Ẹ wo ìlà yìí. Èémí nìyí. Ẹ rí bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ wá wò ó níbí."

Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú. Mo kà á dé mẹ́tàlélógún kó tó fò sókè.

"Ṣé òun náà mọ̀?"

"Àwọn tó ní i kì í mọ̀. Yóò kàn máa rẹ̀ wọ́n lọ́sàn-án ni, wọ́n á máa tòògbé."

Òótọ́ ni. Mumuni lè sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀. Àwa a máa ń rẹ́rìn-ín, a ní ọkà túó ló yó.

"Kí ni oògùn rẹ̀?"

"Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fi sí imú, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nínú tílẹ̀ fi mọ́. Bó bá rí i lò, ó bọ́. Bí kò bá rí i, ẹ̀jẹ̀ lè dá sí ọpọlọ, ọkàn lè dá iṣẹ́ dúró. Màmá, mi ò lè sọ ọjọ́."

"Èló ni?"

"Ó tó ẹgbẹ̀rún méjìlélógún sìdí."

Mo mí kanlẹ̀.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ rí i o. Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" ni mo dá a lóhùn. Mo bá a pa ilẹ̀kùn dé. N kò rántí iná pirípéèdì mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaji Mumuni wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fúnra rẹ̀. Kì í wá tẹ́lẹ̀, ó máa ń ránni ni. Ó jókòó lórí táyà, ó ń nu ojú.

"Ìyá Ilyas, dasiba," ó kí mi kú àárọ̀ ní èdè àwọn Dagomba tó ni ìlú.

"Naa, Alhaji. Ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin náà lẹ wá fúnra yín?"

"Èmi náà ni. Owó ọjọ́sí yẹn ni. Mo fẹ́ ra nǹkan kan, owó ọwọ́ mi sì wà nínú ẹrù tó ṣì wà lórí omi. Tìrẹ nìkan ló pọ̀ tó o."

"Kí lẹ fẹ́ rà, Alhaji?"

Ó wo ìta. "Nǹkan ilé."

Mo mọ nǹkan ilé náà. Òun kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ kò lè mọ bó ṣe ń dùn tó, kí èèyàn ńlá jókòó níwájú rẹ, kí o mọ ohun tó ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún sìdí wà nínú àpò ìrẹsì lábẹ́ ibùsùn mi lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó kù, mo lè rí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà ní Gumani, létí ọ̀nà, tí mo ti fojú sí láti fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Onílẹ̀ ní kí n mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá, kí ẹlòmíràn má baà gbà á.

Mo fẹ́ dáhùn, mo rí i pé Alhaji ti sùn lọ níbi tó jókòó sí. Àgbọ̀n rẹ̀ lé àyà. Mo wo imú rẹ̀. Mo tún ń kà.

Nígbà tó jí, mo ní, "Alhaji, ọjà kò tà. Ẹ fún mi di òpin oṣù."

"Ó dáa," ni ó wí. "Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ."

Ọjọ́ kejì, mo gbé owó lọ sí Gumani.

Òpin oṣù pé, ó tún dé. Mo sọ fún un pé àbúrò mi Hàjàrá, tí a jọ ń ra ọjà, ló kó owó dání ní Bolgatanga. Ó ní kí n wá ìdajì. Mo ní inṣá Allah. Ó dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró níta, kò jókòó, bóyá ó ń bẹ̀rù kí oorun má baà gbé e lọ.

"Mo ti rí ẹni tó máa ta nǹkan yẹn fún mi, Ìyá Ilyas. Ó ní bí mo bá mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá, kí n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré. N kì í bẹ ẹni tó jẹ mí lówó. Ìwọ ni mò ń bẹ̀ yìí."

Mo yọ igba sìdí nínú páànù owó, mo nà án sí i. "Ẹ fi wọkọ̀ ná."

Ó wo igba sìdí náà. Ó wo ojú mi. "Fi sílẹ̀, ọmọ ìyá," ni ó wí, ó sì lọ gun alùpùpù rẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ni ìkà mi dé òpin? Ẹ dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mojí bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ aṣọ. Kò tíì sùn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ṣé ó ti ra ẹ̀rọ náà? Ilé ìwòsàn ní ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń yá ẹni tí kò bá tíì lówó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé lánàá. Bí kò bá tíì rà á, mo fẹ́ bá a sọ fún dókítà, kí wọ́n yá a."

Ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ. Mo rò ó láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń fún aṣọ kan. Bí wọ́n bá yá a ní ẹ̀rọ, yóò máa mí. Bó bá ń mí, yóò máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ó ti rà á," ni mo wí. "Ó tilẹ̀ ń lò ó. Ojú rẹ̀ ti dán."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni Mojí wí, ó wọlé lọ sùn.

Ẹlòmíràn ni wọ́n yá ẹ̀rọ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ Arafah, tí Iléyá ku díẹ̀, Hàjàrá rán ohùn sí mi lórí wásáàpù. Ìdajì táyà náà tirẹ̀ ni, ó sì ti kó owó tirẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. "Àǹtí, Alhaji pè mí. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo kó owó dání. Àǹtí, kí lẹ fi orúkọ mi ṣe? Ẹ san owó ọkùnrin yẹn, Wallahi ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi."

Inú bí mi. Mo fẹ́ dá a lóhùn.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń lo fóònù. N kò lè máa ka lẹ́tà wínníwínní. Àwòrán ni mo fi ń mọ èèyàn. Hàjàrá ló wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, Ilyas ló dúró ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ọ́, Abibata ìyàwó Alhaji ló gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ dání. Ẹni tí mo bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mo tẹ àwòrán rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ sí i. Ọdún mẹ́fà nìyí, n kò ṣì í rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ Arafah ni. Àwọn èèyàn wà ní Mẹ́kà, àwọn tó kù nílé sì ń fi ojú wọn tẹ̀ lé wọn. Ìdajì àwọn tó wà lórí fóònù mi ló ti yọ àwòrán wọn, tí wọ́n fi Káábà sí i. Hàjàrá fi Káábà. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tán, mo jáde láti dá oníbàárà kan lóhùn. Nígbà tí mo padà, Káábà kan wà lókè pátápátá. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo sọ nìyí, n kò ní yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò:

"Fara balẹ̀, ṣé o gbọ́. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ẹni tó máa pẹ́. Mojí tó wà nílé mi fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, ìgbà ọgọ́ta ni èémí rẹ̀ ń dúró ní wákàtí kan. Ó ń wá owó ẹ̀rọ tí yóò fi máa mí, òun ló ṣe ń sáré kiri. Kò sí ìwé láàárín wa, Abibata kò sì mọ iye rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá sùn tí kò jí, ta ni yóò wá béèrè? Jẹ́ kí oorun bá wa san án."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ ra ẹja.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú oníbàárà méjì. Hafeez tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi òòlù lu ríìmù. Mo rí Abibata tó ń bọ̀. Sálúbàtà inú ilé ló wọ̀. Ọmọ Dagomba ni, ṣùgbọ́n ó ti lo ogún ọdún nílé Mumuni, ó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ tèmi lọ. Mo rò pé ó wá kí mi kú ààwẹ̀ ni.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé fóònù sókè. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi jáde. "Fara balẹ̀, ṣé o gbọ́."

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé Abibata náà ti fi Káábà sí àwòrán rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó ń lọ, kò tán bọ̀rọ̀. Òòlù Hafeez dákẹ́. Nígbà tó dé "jẹ́ kí oorun bá wa san án," ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi rọra gbé táyà tó ti yàn padà sílẹ̀.

"Ohùn ta nìyí?" ni Abibata wí.

"Abibata, wá ká wọlé."

"Mo ní ohùn ta nìyí, ìwọ Rùkáyátù?"

Ogún ọdún, kò pè mí ní ìwọ rí. Ìyá Ilyas ni mo máa ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

"Mo ṣì í sọ ni," ni mo wí.

"O ṣì í sọ, àbí o ṣì í rán?"

Hafeez nu ọwọ́ rẹ̀, ó súnmọ́ wa. "Hájíà, ẹ tún un tẹ̀. Ibi tó ti ní kí oorun sanwó, n kò gbọ́ ọ dáadáa."

Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹta, àwọn èèyàn ti kún. Mo wo òdì kejì títì, mo rí Alhaji Mumuni lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo ọjà ló ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń dúró. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn irin dé mọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, wọ́n pè wá sí Changli, sí ààfin Bàbá Mọ̀múdù, àgbà tó ń parí ìjà láàárín àwa Yorùbá. Wọ́n pe Mojí náà. Ó wá pẹ̀lú ìwé òfin iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá ní kí n sọ tẹnu mi. Ẹ̀yin tó ń kà á, mo ní àǹfààní láti sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Mo wo ọmọ náà, mo rí i pé kò ní ẹnìkan lẹ́yìn.

"Bàbá, ọmọ yìí ni kí ẹ bi," ni mo wí. "Òun ló ń pe àwọn èèyàn wọlé láti wá wo aláìsàn bí fíìmù. Bí kò bá fi hàn mí, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀?"

Mojí yíjú sí mi. Kò pariwo.

"Màmá, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ni."

Alhaji Mumuni gbójú sókè. "Èmi? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀?"

"Ẹ ní bàbá kan náà ló bí wọn àti ọkọ yín. Ẹ sunkún. Nígbà tí mo fẹ́ bá wọn yá ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ẹ ní wọ́n ti rà á. Ẹ ní ojú wọn ti dán."

Bàbá Mọ̀múdù yíjú sí mi.

"Ta ló ní mo ti rà á?" ni Alhaji béèrè. Kò bínú. Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. "Ẹ̀rọ kan wà tí wọn ì bá yá mi?"

"Ọ̀kan wà, Alhaji. Wọ́n ti yá ẹlòmíràn."

Ó wá yí sí mi. Ó wò mí pẹ́. Ojú oorun rẹ̀ yẹn, pípọ́n, tó wúwo. "Rùkáyátù," ni ó wí, "gbèsè nìkan ni mo rò pé o jẹ mí."

Bàbá Mọ̀múdù fún mi ní ọjọ́ mẹ́jọ láti sanwó. Mo ní owó ti wọ ilẹ̀ ní Gumani. Ó ní kí n lọ hú u.

Mojí fúnra rẹ̀ ló pe ilé ìwòsàn, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé mi láàárọ̀, ó fọ yàrá mọ́ kó tó lọ, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ojú fèrèsé, nítorí kò fẹ́ fi lé mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹfà nínú ọjọ́ mẹ́jọ náà, wọ́n kí ìrun àárọ̀, Alhaji kò jáde. Abibata lọ jí i. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Hafeez ló wá sọ fún mi. Ohun àkọ́kọ́ tó wọ inú mi nìyí: ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ kò lè pe iye mọ́. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n iye náà ti wà lẹ́nu Bàbá Mọ̀múdù, ó ti wà lẹ́nu gbogbo ọjà. Bàbá ránṣẹ́: ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ mẹ́jọ, láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ní n kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni, n kò sì gbọdọ̀ fi fóònù san án. Kí n fi lé Alhaji lọ́wọ́ fúnra mi.

Mo ta táyà ní ìdajì owó. Mo gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé e jókòó sórí ẹní, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló wà láàyè, mo na owó sí ọwọ́ òsì náà.

Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

"Ìgbà wo lo rí i tó fi ọwọ́ òsì gba owó?" ni Abibata wí láti ẹ̀yìn mi.

Òótọ́ ni. Ní ìlú yìí, ọmọ kékeré kì í fi òsì gba ẹ̀pà. Alhaji Mumuni wá ńkọ́?

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìyẹn. Fi sí i."

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún náà. Ó wúwo, ó tutù bí iṣu tí òjò pa. Mo la ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi owó sí àtẹ́lẹwọ́, mo pa ìka dé. Bí mo ti fi sílẹ̀, owó dà sílẹ̀.

"Ṣà á," ni Abibata wí. "Tún un fi sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣà á lọ́jọ́ náà. Alhaji ń wò mí, itọ́ ń ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀. Kò wo ibòmíràn.

Oṣù kejì, mo tún lọ. Onílẹ̀ Gumani ti dá owó mi padà, ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú rẹ̀, ó ní owó ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Bákan náà la ṣe é, ọwọ́ ọ̀tún, ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ wò wà níbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń ṣà á. Ẹ̀rọ náà kò tíì dé. Gbogbo owó tó wọlé ni oògùn àti ẹni tó ń fọwọ́ ra á ń jẹ.

Ẹ̀yin tó jẹ èèyàn ní gbèsè, tí ẹ ń wò ó bóyá ó wú, bóyá ó rù, mo mọ̀ yín. Mo mọ ohun tí ẹ ń kà lọ́kàn. Ẹ lọ sanwó. Kò sẹ́ni tó tún fún mi láwìn ní ọjà báyìí, táyà kan ṣoṣo, owó lọ́wọ́ ni mo fi ń rà á. Bí mo bá fẹ́ bá èèyàn ṣe Fátíhà, wọ́n á ní ọwọ́ àwọn dọ̀tí.

Oṣù kẹta pé ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo wọlé, mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú páálí lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni. Abibata ti ta wúrà rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tèmi ló kù kó pé. Kò kí mi. Mo sálámà, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn àfi ọkùnrin náà, nítorí kò mọ̀ mí.

Mo kúnlẹ̀. N kò dúró kí wọ́n sọ fún mi. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún, mo la ìka, mo kó owó sí i, mo sì fi ọwọ́ mi méjèèjì di ọwọ́ náà mú kó má baà dà sílẹ̀.

Abibata jókòó tì wá, ó fa owó náà yọ lábẹ́ ìka mi, ó kà á níṣojú Alhaji, ó tò ó padà sí i lọ́wọ́. "Alhaji, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni. Ṣé kò kù síbìkan?"

Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ náà gbé. Oṣù mẹ́ta, kò bá mi sọ ohunkóhun.

"Ó pé," ni ó wí.

Mo ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti ilé, láti Kanvili dé ibẹ̀ ni mo ń tò ó.

Ó tún ṣí ẹnu. N kò rí ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, nítorí ó ti yíjú sí ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Ọwọ́ náà ṣubú sórí ẹní, owó sì tú ká. Abibata ṣà á, ó kó o fún ọkùnrin tó ni páálí.